Eruku inú àwọn gálásì àkọ́kọ́: níbo ló ti wá, ìgbà wo ló ráyè?

Ìbéèrè tó wọlé láti Ọ̀fà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà. Tíṣà Basic Science ni mí, JSS 2 ni mò ń kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan nínú kíláàsì mi sọ pé òun rí i lórí Facebook bàbá òun pé tẹlisíkóòpù Webb tó wà lókè ọ̀run ti rí eruku nínú àwọn gálásì, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, ìgbà tí gbogbo nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí ohun gbogbo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ta ló ti da eruku síbẹ̀? Mi ò rí èsì fún un. Nígbà tí mo délé mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí àwọn tó ń sọ pé eruku yẹn fi hàn pé irọ́ ni Big Bang, ìyẹn àlàyé bí àgbáńlá ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, pé àwọn gálásì yẹn ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n pè wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni òótọ́ ibẹ̀, kí sì ni kí n sọ fún ọmọ yìí?"

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa, torí ìbéèrè tó bi yín yẹn, ó ti lé lógún ọdún tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ ìràwọ̀ jẹun ti ń bi ara wọn, wọn ò sì tíì bi í tán. Físíìsì ni mò ń kọ́ ní Ìlọrin níbí, ó ti pẹ́, mi ò jókòó nídìí tẹlisíkóòpù Webb rí o, àbájáde iṣẹ́ àwọn tó ń lò ó ni mo máa ń kà, ibi tí wọ́n bá ti fẹnu kò ni mo máa sọ fún yín bí òótọ́, ibi tí àríyànjiyàn bá ṣì wà, mo máa sọ pé ó ṣì wà. Èsì kúkúrú tí ẹ lè mú lọ sí kíláàsì lọ́la ni pé eérú ni eruku yẹn. Ibi tí a bá ti rí eérú, iná ti jó níbẹ̀ ká tó dé. Àwọn ìràwọ̀ kan ti wà ṣáájú, wọ́n ti jó, wọ́n ti kú, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń rí yẹn. Kò já Big Bang ní koro rárá. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni bí eérú náà ṣe pọ̀ tó láàárín àkókò tí kò gùn, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ìṣirò yẹn ni mo sì fẹ́ ká jókòó tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ eruku fúnra ẹ̀ palẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tí a bá ní eruku ní Ìlọrin, ọyẹ́ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ní December sí January, ẹ nu àga oníke tó wà ní fàráńdà ní aago méje àárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i lára. Ilẹ̀ ni eruku yẹn ti wá, afẹ́fẹ́ ló gbé e láti aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti kòtò ńlá Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ti inú gálásì ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ á gbọn níbẹ̀, kò sí aṣọ, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀. Wóró tíntìntín ni, ọ̀pọ̀ wọn ò tó ìdá kan nínú 500 fífẹ̀ irun orí wa. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú wọn: ọ̀kan dà bí iyanrìn, sílíkọ̀n àti ọ́síjìn tó so mọ́ irin àti magnesium, èkejì jẹ́ kábọ̀n, mọ̀lẹ́bí dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí wọ́n bá fi igi dáná. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òmù-Àrán, èmi ni mo máa ń fi eérú àti kànrìnkàn ha ìdí ìkòkò ìyá mi lẹ́yìn iṣẹ́, dúdú yẹn á sì wà lábẹ́ èékánná mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi dúdú yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Kò tún pọ̀ bí orúkọ ẹ̀ ṣe ń dún létí o: nínú gálásì tiwa, tí ẹ bá kó gbogbo ohun tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ sórí òṣùwọ̀n, gáàsì ló máa kó nǹkan bíi ìdá 99 nínú 100, eruku á mú ìdá 1. Ìdá 1 yẹn ló ń ṣe gbogbo ìdíwọ́ fún ìmọ́lẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń dojú rú ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé "gálásì tó pẹ́ jù lọ". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé àgbàlagbà gálásì ni. Ọmọ ìkókó ni wọ́n, Àǹtí. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ti oòrùn ń gba bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó kàn wá lára, ti àwọn gálásì yìí sì ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù 13 ọdún. Bí ẹni tó rí fọ́tò ìkómọ bàbá àgbà ẹ̀ ni: fọ́tò ló gbó, ọmọ inú fọ́tò ò ju ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Torí náà, tí wọ́n bá ní gálásì kan wà ní mílíọ̀nù 600 ọdún, iye ọdún tí àgbáńlá ayé ti lò nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yẹn kúrò nílé ni wọ́n ń sọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Big Bang yẹn ńkọ́? Nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, gbogbo ohun tí a lè rí wà ní ipò tó gbóná tó sì fún pọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ohun tó jáde nínú ooru yẹn ni háídrójìn, nǹkan bíi ìdá 75 nínú 100 tí a bá wọ̀n ọ́n, hílíọ̀mù bíi ìdá 25, pẹ̀lú lithium tí kò ju hóró iyọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìnáwó lọ. Ó parí síbẹ̀. Kò sí kábọ̀n, kò sí ọ́síjìn, kò sí irin. Kí lèèyàn fẹ́ fi háídrójìn àti hílíọ̀mù mọ? Wọn kì í dì di wóró eruku. Ọmọ yẹn jàre, eruku ò sí níbẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ lè sí. Ẹni tó bá ní òun rí eruku gbọ́dọ̀ sọ ibi tí kábọ̀n àti sílíkọ̀n ti wá, ibì kan ṣoṣo sì ni wọ́n ti lè wá kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, inú ìràwọ̀.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ò yẹ kó ṣòro fún yín láti fi kọ́ ọmọ, torí ìjàkadì ni, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Gáàsì tó pọ̀ rẹpẹtẹ kóra jọ, òòfà ara ẹ̀, ìyẹn gravity, ń fà á wọlé, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rún. Ooru tó ń jó láàárín ń tì í padà síta. Bí àwọn méjèèjì bá ṣì dì mọ́ra wọn tí ẹnì kankan ò dá ẹnì kejì, ìràwọ̀ wà láàyè nìyẹn. Iná inú ẹ̀ kì í ṣe iná igi o, háídrójìn ló ń so pọ̀ di hílíọ̀mù, hílíọ̀mù á so pọ̀ di kábọ̀n, kábọ̀n á gba hílíọ̀mù kún un á di ọ́síjìn, nínú ìràwọ̀ ńlá á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi kan sílíkọ̀n, á fi kan irin. Tó bá ti kan irin, igi ìdáná tán, torí irin kì í mú ooru wá téèyàn bá so ó pọ̀, ńṣe ló ń gba ooru. Òòfà á wá dá iná yẹn lójijì, àárín ìràwọ̀ á wó sínú láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ara ìta á bú gbàmù. Ohun tí wọ́n ń pè ní supernova nìyẹn. Gbogbo ohun tó ti ń sè láti ọjọ́ yìí, ó dà á síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí àwọn tó kọ nǹkan tí ẹ kà yẹn ti ṣìrò ni iye ọdún tí gbogbo èyí ń gbà. Wọ́n mọ̀ pé oòrùn wa ti lo bílíọ̀nù 4.6 ọdún, pé ó ṣì ní bíi bílíọ̀nù 5 sí i, wọ́n wá rò pé gbogbo ìràwọ̀ ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Rárá o. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé iná tí wọ́n bá fi eérú bò lálẹ́, ó ń bẹ níbẹ̀ di àárọ̀, èèyàn á kàn fẹ́ ẹ lásán ni á sì sọ. Àmọ́ iná tí alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́, ó ń jẹ èédú bí ẹni tí ebi ti ń pa látàná. Oòrùn wa ni iná abẹ́ eérú. Ìràwọ̀ tó wúwo tó ìlọ́po 20 oòrùn, iná alágbẹ̀dẹ ni, èédú ẹ̀ pọ̀ ju ti oòrùn lọ ní ìlọ́po 20 lóòótọ́ àmọ́ bó ṣe ń jó o, ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, kò ní ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún lọ tó fi máa kú. Àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ìṣirò fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn máa tóbi gidi, torí háídrójìn àti hílíọ̀mù nìkan ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu ooru sílẹ̀ dáadáa, gáàsì tí kò sì tutù gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an kí òòfà tó lè ká a mọ́lẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó rí ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ yẹn tí gbogbo àwọn amòye gbà fún un, ìṣirò la ṣì fi ń mọ̀ wọ́n.

Ṣé supernova máa ń ṣe eruku lóòótọ́, àbí orí ìwé nìkan ló mọ? Wọ́n fojú rí i. Ní February 23, 1987, ìmọ́lẹ̀ supernova kan dé ọ̀dọ̀ wa láti gálásì kékeré kan tó múlé ti tiwa, Large Magellanic Cloud, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún nǹkan bíi 168,000 ọdún kó tó dé ibí. SN 1987A ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ará Yúróòpù wá gbé tẹlisíkóòpù kan tó ń jẹ́ Herschel lọ sókè, irú èyí tó ń rí ooru tí ojú ò rí, ní 2011 wọ́n kéde pé eruku tútù tó wà níbẹ̀ wúwo tó nǹkan bí ìdajì oòrùn wa. Ẹ bá mi rò ó, ìdajì oòrùn, ayé wa bíi 160,000 ló máa wúwo tó o. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo! Láàárín ọdún tí kò tó 25! Lẹ́yìn náà ni ALMA, ìyẹn àwọn awo tẹlisíkóòpù ńláńlá 66 tí wọ́n tò sórí aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, ní gíga bíi 5,000 mítà, tún wò ó, ó sì rí i pé àárín gbùngbùn ibi tó ti bú ni eruku náà wà, pé kì í ṣe eruku àtijọ́ tó ti wà ní àyíká ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò jìnnà sí ti ìdí ìkòkò: gáàsì tó bú jáde ń fẹ̀ ó ń tutù, tí ooru ẹ̀ bá ti wálẹ̀ tó bíi 2,000 dígírì, àwọn átọ̀mù kábọ̀n àti sílíkọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á di wóró.

Ó yá, ìṣirò tí mo ní ká jókòó tì. Ẹ jẹ́ ká ní ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tàn ní bíi mílíọ̀nù 200 ọdún lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2017, ALMA rí eruku nínú gálásì kan tí wọ́n ń pè ní A2744_YD4, a sì ń rí gálásì náà bó ṣe wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Mílíọ̀nù 400 ọdún ló wà láàárín. Tí ìràwọ̀ ńlá kan bá ń lo mílíọ̀nù 10, ìran ìràwọ̀ 40 ti lè wáyé kí wọ́n sì kú tẹ̀léra níbẹ̀. Àyè wà, àyè tiẹ̀ pọ̀. Iye eruku yẹn ló wá kù. Wọ́n fojú bù ú pé ó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 6, pé gbogbo ìràwọ̀ inú gálásì náà sì wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 2. Nínú gáàsì tó wúwo tó oòrùn 100 tó bá di ìràwọ̀, nǹkan bí ẹyọ kan péré ló máa ń tóbi tó èyí tó máa bú. Torí náà bílíọ̀nù 2 yẹn á fún wa ní supernova bíi mílíọ̀nù 20. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe eruku ìdajì oòrùn bíi ti SN 1987A, oòrùn mílíọ̀nù 10 nìyẹn, ó ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ó pé, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù o. Ẹ lè ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ lójú pátákó, ó rọrùn.

Ìdí tí mo fi ní kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù ni pé ìràwọ̀ tó bú tó sì ṣe eruku, òun kan náà ló tún ń ba eruku jẹ́. Ohun tó bú jáde ń sáré ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa kọlu gáàsì tó wà níta, ìkọlù yẹn á sì rán ìgbì gbígbóná kan padà sínú, eruku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì yẹn ló máa gbà kọjá. Wóró á fọ́, òmíràn á yọ́ padà di gáàsì. Mélòó ló máa yè nínú ẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyí. Ìṣirò àwọn kan ní púpọ̀ máa yè, ti àwọn míì ní díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù, ó wà lọ́wọ́ bí wóró náà ṣe tóbi tó àti bí gáàsì ìta ṣe ki tó. Tó bá jẹ́ pé ìdajì ló ṣègbé, mílíọ̀nù 10 wa yẹn ti di mílíọ̀nù 5, ìṣirò ò pé mọ́. Ẹ rí i báyìí pé ìṣòro wà lóòótọ́, kì í ṣe pé àwọn èèyàn kàn ń pariwo. Àmọ́ ìṣòro orí iye eérú ni, kì í ṣe ti bóyá iná jó.

Ọ̀nà wo ló wá kù? Àwọn ìràwọ̀ tí kò tóbi tó èyí tó ń bú, irú oòrùn wa sókè díẹ̀, tí wọ́n bá darúgbó wọ́n máa ń wú, wọ́n á máa tu eruku sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wúkọ́, nínú gálásì wa lónìí wọ́n wà lára àwọn tó ń pèsè eruku jù. Àmọ́ wọ́n ń pẹ́. Ẹni tó wúwo tó ìlọ́po 3 oòrùn máa lo ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún lọ́nà mélòó kan kó tó dé ibẹ̀, irú oòrùn á lo bílíọ̀nù, torí náà wọn ò lè jẹ́ olórí iṣẹ́ nígbà àárọ̀ yẹn. Ọ̀nà míì ni pé kí wóró máa dàgbà níta. Ẹ ti rí àwọn tó ń ṣe ẹ̀pà burger: wọ́n á da ẹyin sí ẹ̀pà lára, wọ́n á da ìyẹ̀fun lé e, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á tún da ẹyin, wọ́n á tún da ìyẹ̀fun, ẹ̀pà kékeré á di ńlá. Nínú ìkùukùu gáàsì tútù tó ki, wóró tí supernova fi sílẹ̀ ni ẹ̀pà, kábọ̀n àti ọ́síjìn tó ń fò kiri bíi gáàsì ni ìyẹ̀fun. Èrò tèmi, bí mo ṣe ń ka iṣẹ́ wọn láti ọdún mélòó kan, ni pé èyí ló máa gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, supernova ló mú ẹ̀pà wá, ìkùukùu ló yí ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Àwọn tó jù mí lọ wà tí wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìgbà yẹn ò tutù tó fún wóró láti dàgbà dáadáa, ẹ̀rí tó máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Dúdú ìdí ìkòkò tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Ní 2023, àwọn tó ń lo Webb kéde ohun kan nípa gálásì tó ń jẹ́ JADES-GS-z6-0, tí a ń rí nígbà tí àgbáńlá ayé ò tíì pé bílíọ̀nù kan ọdún. Wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí òṣùmàrè ṣe ń pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọ́n rí ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣófo, bí ìgbà tí nǹkan bù ú jẹ, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí ibi tí wóró kábọ̀n máa ń bù jẹ nínú gálásì tiwa níbí. Ó jọ ọwọ́ kábọ̀n. Lójú wọn, kábọ̀n yẹn tètè dé ju kó jẹ́ ìràwọ̀ arúgbó ló wú u jáde lọ, torí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ìràwọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn, yálà nígbà tí wọ́n bú tàbí nínú ìjì tí àwọn kan nínú wọn máa ń fẹ́ kí wọ́n tó kú. Ọjọ́ tí mo ka iṣẹ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi ní Òmù-Àrán láti sọ fún un pé wọ́n ti rí mọ̀lẹ́bí ìdí ìkòkò ẹ̀ lókè.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ó kan ọ̀rọ̀ pé "wọ́n pe ọjọ́ orí gálásì náà ní irọ́". Eruku máa ń tan àwọn tó ń wo ojú ọ̀run jẹ. Ẹ ti rí oòrùn ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jó igbó lójú ọ̀nà Àjàsẹ́ sí Òmù-Àrán, ó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Nínú ọyẹ́ lọ́sàn-án ńkọ́, oòrùn kan náà á kàn funfun ráúráú bí òṣùpá. Wóró èéfín kéré, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń dà nù jù, pupa ń kọjá. Wóró ọyẹ́ tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó ń dí gbogbo àwọ̀ lọ́nà kan náà. Eruku inú gálásì ń ṣe bíi ti èéfín. Gálásì tí eruku bò á pọ́n. Gálásì tó jìnnà gan-an náà á sì pọ́n, torí bí àgbáńlá ayé ṣe ń fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ ń nà lójú ọ̀nà, búlúù á nà di pupa, pupa á nà kọjá ohun tí ojú lè rí. Ẹni tó kàn wo àwọ̀ lásán lè pe ọ̀kan ní èkejì. Ó ṣẹlẹ̀ gidi: gálásì kan, CEERS-93316, ní 2022 ìṣirò àwọ̀ ẹ̀ fi í sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 ọdún lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, ariwo sọ. Ní 2023 wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n rí i pé bíi bílíọ̀nù 1.2 ni, eruku àti gáàsì tó ń tàn gidi nínú ẹ̀ ló parapọ̀ ṣe àwọ̀ yẹn. Àwọn baba wa náà rí Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá ẹ̀ ni, Àgùàlà ò sì sún mọ́ òṣùpá rárá. Àwọn tó rí àṣìṣe CEERS yẹn ni àwọn onísáyẹ́ǹsì fúnra wọn, wọ́n sì kéde ẹ̀ síta, ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán iye ọdún tí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀n, tí mo sì máa ń rọra ṣe nídìí èyí tó jẹ́ àwọ̀ nìkan.

Ibi tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí, mo sì fẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ ọ. Wọ́n gbé Webb lọ sókè ní December 25, 2021, dígí ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ó wà níbi tó jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbà tí kò tíì tó mílíọ̀nù 500 ọdún lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ gálásì tó bá níbẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n sì jẹ́ búlúù, eruku ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lójú wọn. Ẹ gba JADES-GS-z14-0 tí wọ́n kéde ní 2024, kò tó mílíọ̀nù 300 ọdún lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ALMA rí ọ́síjìn nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé ìràwọ̀ ti kú níbẹ̀ ná. Àmọ́ ooru tó yẹ kí eruku máa tú jáde, ALMA ò rí i. Torí náà ìbéèrè ti yí padà: iná jó, eérú dà? Àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tuntun yẹn le débi pé ó gbá eruku jáde kúrò nínú gálásì, àwọn míì ní ìgbì tó ń padà yẹn ló ń ba púpọ̀ jẹ́, àwọn míì ní ìkùukùu ò tíì ráyè yí ìyẹ̀fun mọ́ ẹ̀pà. Èyí tó wù mí jù ni ti ìkẹyìn yẹn, ó bá ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan mu, àmọ́ mi ò lè fi í búra.

Ní ti Big Bang, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó gbé e dúró kì í ṣe eruku. Ìtànṣán ooru ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Penzias àti Wilson, rí ní Amẹ́ríkà ní 1965 wà níbẹ̀, tó ń wá láti gbogbo ìhà ojú ọ̀run. Iye háídrójìn àti hílíọ̀mù tí mo kà lókè wà níbẹ̀. Fífẹ̀ tí àgbáńlá ayé ń fẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ì bá dẹ́rù bà mí ni kí wọ́n rí gálásì kan tí àwọn ìràwọ̀ inú ẹ̀ fúnra wọn ti dàgbà ju ìgbà tí a ń rí i lọ. Eruku tó yára dé ò fi ìyẹn hàn.

Fún kíláàsì, ẹ wá gíláàsì omi kan, ẹ kán mílíìkì bíi ẹ̀kán mẹ́ta sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pa fèrèsé dé kí yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ á rí i pé ó fẹ́ jọ búlúù, ẹni tó bá dojú kọ iná náà láti òdìkejì á rí i pé ó ti di bí ọsàn. Ẹ fi mílíìkì kún un, á tún pọ́n sí i. Ohun tí eruku ń ṣe fún gálásì nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ tan àbẹ́là, ẹ di ṣíbí irin mú sórí ọwọ́ iná ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ọmọ yẹn fi ìka kan ìsàlẹ̀ ṣíbí náà. Ẹ sọ fún un pé òkúta kan já láti ọ̀run sí Murchison ní Australia ní 1969, àwọn onísáyẹ́ǹsì rí wóró eruku ìràwọ̀ nínú ẹ̀, ní 2020 wọ́n sì kéde pé àwọn kan nínú wóró náà lè ti lo bílíọ̀nù 7 ọdún, wọ́n ṣáájú oòrùn wa délé ayé. Tó bá tún bi yín ní nǹkan míì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.